Kí A Tó Kí Ìyá Ọmọ: Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Gáréèjì Ọ̀kà lórí Ikú Nọ́ọ̀sì Bridget Oyèbọ̀dé

Sí ẹbí Oyèbọ̀dé, Ìkàrẹ́-Àkókó.

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni àwa awakọ̀ gáréèjì Ọ̀kà fi gbọ́ pé Màmá Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí wa, ti fi ayé sílẹ̀.

Àlejò lè béèrè ohun tó so agbẹ̀bí pọ̀ mọ́ awakọ̀. Ọdún tí a sin Raliat, ọmọ alága wa, ló bẹ̀rẹ̀. Ó bímọ sílé: ìkókó ké, gbogbo ilé bú sáyọ̀, wọ́n gbé ọmọ jáde síwájú ilé. Raliat nìkan ló kù ní yàrá, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Kí mọ́tò tó gbé e dé Ìkàrẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí Màmá wá bá wa kẹ́dùn, wọ́n jókòó ti alága wa. Wọ́n ní: "Bàbá Raliat, ẹ bá mi pe àwọn awakọ̀ yín jọ."

Lórí bẹ́ǹṣì gáréèjì ni wọ́n ti kọ́ wa pé ilé-ọmọ kì í ṣe àpò lásán. Iṣan tó nípọn ló yí i ká. Iṣan náà ló ń sún kì tí aboyún fi ń rọbí, òun ló ń ti ọmọ jáde. Bí ibi ọmọ bá sì ti bọ́, òun náà ló gbọ́dọ̀ sún kì kí ó fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ pa. Ọ̀ṣẹ́nì, ọ̀kan nínú wa, ní, "Màmá, mọ́tò la kọ́, a ò kọ́ ìwòsàn." Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ṣé o máa wa mọ́tò tí búréèkì rẹ̀ ò mú? Iṣan yẹn ni búréèkì ẹ̀jẹ̀."

Wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ wọn fún wa láti fọwọ́ kàn: bí abẹ́ ìdodo ìyá ọmọ bá le báyìí, ó dára. Bí ó bá rọ̀ bí ìrọ̀rí, kí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa fọwọ́ ra á gidigidi, kí ọmọ máa mu ọyàn, kí mọ́tò sì forí lé ọsibítù. Wọ́n kọ̀ fún wa láti kí ìyá ọmọ kú ewu kí ikùn rẹ̀ tó le.

Ní ọjọ́ tí Màmá kú, Ọ̀ṣẹ́nì ń gbé obìnrin kan, Safurat, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bọ̀ láti Epinmi. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń fi orin gbé ọmọ jó lẹ́yìn mọ́tò. Ọ̀ṣẹ́nì jágbe mọ́ ọn láti iwájú: "Ìyá, ẹ gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ kó mu ọyàn, ẹ fọwọ́ kan ikùn ìyá náà!" Ikùn náà rọ̀. Wọ́n ra á títí dé ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ tó mú ikùn náà le. Safurat wà láàyè. Ọ̀ṣẹ́nì ń lọ ròyìn fún Màmá ni ó bá èrò lẹ́nu ọ̀nà yín.

Mọ́tò ẹgbẹ́ ni yóò kó àwọn àlejò yín lọ, tí yóò sì kó wọn bọ̀, lọ́jọ́ ìsìnkú. Bí Mọ́júbọ́lá ọmọ wọn, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá gbà, bẹ́ǹṣì náà ń dúró dè é. Bí kò bá rọrùn fún un, Ọ̀ṣẹ́nì yóò kọ́ni. Awakọ̀ tí kò bá mọ ẹ̀kọ́ yìí kò ní gbérò ní gáréèjì wa.

Kí Ọlọ́run, tó mọ iṣan yí ilé-ọmọ ká kí ẹnikẹ́ni tó bí wa, di ẹ̀yin náà mú ṣinṣin, kí ó sì tù yín nínú. Àmín.

Bùsàrí Abọ́dẹrìn,
Alága ẹgbẹ́, bàbá Raliat.