Mẹ́fà Tó Ń Dán, Ọ̀kan Tó Dúdú

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Àdúgbò Fate,
                                                            Ìlọrin.
                                                            Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹwàá, 1991.

Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ Màmá lẹ́nu ti lọ? Mo mọ̀ pé òtútù Jọ́ọ̀sì yẹn kò ní í jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Favour ń kí ọ. Ó ti mọ orúkọ rẹ̀ kọ, ara ògiri mi ló sì ń kọ ọ́ sí. Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo sì ń sùn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà tí o kọ nígbà tí a sin Dúrótìmí ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o sunkún lónìí.

Ṣé o rántí owó fàdákà Dúrótìmí, èyí tó mú bọ̀ nígbà tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun? Ó ní òmùwẹ̀ kan ló yọ ọ́ nínú ọkọ̀ tó ti rì láti ayé àwọn baba ńlá, tó sì fún òun. Inú agolo mílíìkì ló fi í sí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, títí kan èmi. Ó kàn máa ń mì ín sétí àlejò ni, á wá máa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Olúwọlé, kó àgbà ẹbí méjì wá láti pín ẹrù. Wọ́n gbé rédíò, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́, n kò jà. Agolo yẹn nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, nítorí nínú gbogbo ilé, ohùn rẹ̀ ló kù tó ń rán mi létí ẹ̀rín ọkọ mi. Bọ̀dá ṣí i. Owó méje ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà ń dán bíi dígí. Ọ̀kan dúdú, ó fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ kan sì ti jẹ dànù bíi bísíkíìtì tí eku bà jẹ́.

"Ìyàwó, fàdákà òkun kì í ṣe ohun ìṣeré," ni Bọ̀dá wí. Wọ́n da mẹ́fà tó ń dán sápò, wọ́n sì ju dúdú yẹn sí mi lẹ́sẹ̀ lójú àwọn àgbà. "Gba eléyìí fi ṣe ìrántí. Ó ti bàjẹ́."

Mo sunkún o. Mo so ó mọ́ okùn, mo sì gbé e kọ́rùn lábẹ́ bùbá.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ ta mẹ́fà yẹn lọ́dọ̀ Àhmádù, alágbẹ̀dẹ fàdákà tó wà ní Ọjà Tuntun. Àhmádù kì í fọwọ́ kan fàdákà olóògbé bí opó rẹ̀ kò bá jókòó níbẹ̀. Ó sọ ọ̀kan sórí òkúta. Ó dún kò! bíi bọ́tìnì ẹ̀wù. Ó wá to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí aṣọ, ó sì gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá fún Bọ̀dá.

"Alàgbà, ẹ wo àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ọba tó wà lára owó yìí. Ẹ wo ti ìkejì. Ẹ wo ti ìkẹta."

"Mo rí i. Gbogbo wọn ló ní in."

"Ṣé òkun ní òǹtẹ̀ ni? Omi iyọ̀ kì í jẹ owó méjì bákan náà. Inú amọ̀ kan náà ni wọ́n da gbogbo wọn sí. Ẹ wo àwọn ihò wẹ́wẹ́ yìí bíi ti inú àkàrà, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi fáìlì irin ha á. Ayédèrú ni, wàlláhì."

"Ta ni ọ̀daràn tó ṣe é?" ni Bọ̀dá fi igbe bọnu.

"Èmi ni."

Bọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé dígí mì! Àhmádù ní Dúrótìmí ló mú ògbólógbòó owó kan wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, pé kí òun fi tẹ amọ̀, kí òun da mẹ́fà jáde, kí òun sì dán wọn dáadáa. "Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í mú ohun tí kò bá ń dán." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá Favour, èyí tí mo fi tẹ amọ̀ ńkọ́?"

Mo fa okùn ọrùn mi yọ. Àhmádù fi hàn wá pé àpá yẹn wà lára rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ jinlẹ̀, ó sì mú. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi aṣọ nù ún, dúdú ọjọ́ pípẹ́ tó wà nínú ọnà ara rẹ̀ kò sì kúrò. Ó wá sọ ọ́ sórí òkúta. Kẹ́mi, ó dún kíín, ohùn náà ò sì tètè lọ.

"Ìyàwó, mú un wá," ni Bọ̀dá wí. "Àṣìṣe ni."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ jù ú sí mi lẹ́sẹ̀, àgbà méjì ló sì rí yín."

Àhmádù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Bọ̀dá fi ìbínú jáde, wọ́n sì fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Mo kó wọn, ṣùgbọ́n mo ní kí Àhmádù bá mi gé etí ọ̀kan, kó sì fi èédú tí a pò mọ́ òróró kùn ún.

Mo mọ ìwà Bọ̀dá. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀dá wọ agbádá funfun, wọ́n gbé iṣu wá fún mi. Ohùn wọn rọ̀ bíi tìmùtìmù. Wọ́n ní kí n yá àwọn ní dúdú yẹn, pé àwọn kàn fẹ́ fi han tíṣà kan tó mọ owó àtijọ́. Mo ṣe bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé èyí tí Àhmádù kùn fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fọwọ́ lé àyà, wọ́n súre fún mi. Nígbà tí wọ́n ń wá mọ́tò lọ sí àdúgbò Challenge, gbogbo Fate ló rí ìka dúdú márùn-ún láyà agbádá yẹn.

Ojúlówó rẹ̀ wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bá mi kí Màmá, kí o kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Mo ti dá márùn-ún tó kù padà sínú agolo. Favour ti ń mì ín sétí àlejò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

                                                            Èmi náà ni, tìrẹ bíi ti àná,
                                                            Tèmítọ́pẹ́ Láníyọnu
                                                            (Ìyá Favour).