Ògiri Tí Òjò Ò Lè Wó

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àdúrà. Oṣù kẹta rèé tí mo ti kúrò ní Mowe wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Ìlọrin.

Ògiri tí mo kọ́kọ́ mọ wó lù mí, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló bà. Ọ̀gá wa, Àlàájì Jímọ̀, sọ pé bí èkejì bá tún wó, kí n máa lọ sílé. Mo mọ èkejì. Lánàá, òjò rọ̀ lé e lórí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Monísọ́lá, ó dúró! Ìwọ náà dúró kọ́ṣẹ́ rẹ." Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀tún kàn ń sinmi ni. Ẹ bá mi kí Bàbá àti Àyànfẹ́olúwa.

Ọmọ yín,
Monísọ́lá