Ẹjọ́ Rẹ ní Yábà, Ẹjọ́ Ewúrẹ́ Mi Nílé

Ilé Dàda,
Abúlé Olókùúta.

Ṣùbòmí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó yọ Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún yóò yọ ìwọ náà nínú ohun tí o fi ẹnu ara rẹ kó sí. Àmín. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí wọ́n ń bínú, ṣùgbọ́n wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó bínú. Ewúrẹ́ mi ti bímọ o, méjì ló bí, akọ kan abo kan. Yàrá ẹ̀yìn ni mo so ó mọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí òjò, gbogbo ilé sì ti ń rùn. Mi ò pè ọ́ nítorí wọ́n sọ fún mi pé ẹni tó bá ní ẹjọ́ lọ́rùn, ọlọ́pàá a máa gbọ́ ohun tó bá ń sọ lórí fóònù. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí gan-an, inú agolo gààrí ni mo sọ fóònù mi sí, mo sì fi gèlè dì í lẹ́nu kó má bàa máa gbọ́ ohun tí mò ń kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Kíkẹ́ ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní o ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Sùúrùlérè ni ọlọ́pàá kan dá ọ dúró pé kí o ṣí fóònù rẹ kí òun wò ó, o wá bi í léèrè pé kí ni o ṣe. Ṣùbòmí! Èmi tí mo bí ọ, ìgbà wo ni o bi mí léèrè ohun tí o ṣe kí o tó dọ̀bálẹ̀? Ó ní wọ́n gbé ọ lọ sí àgọ́ wọn, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn ọ́ pé o da àlàáfíà ìlú rú. Ibí yìí ni kò yé mi. Mo ti wá sí Èkó rí, Jíbówú ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, mi ò rí àlàáfíà kankan níbẹ̀ tí èèyàn lè dà rú. Àbí àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀kan tí wọ́n tọ́jú pamọ́ tí o lọ fẹsẹ̀ kọ?

Kíkẹ́ ní lára ògiri àgọ́ náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, síbẹ̀ wọ́n ní kó mú nǹkan wá kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ. Mo ní kò burú, bóyá owó ọ̀dà tí wọ́n fi kọ ọ́ ni wọ́n ń gbà. Ó tún ní lọ́yà tó ń bá ọ rojọ́, Hadassah, sọ pé o ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí òun á fi dé. Ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, nínú ìdílé Dàda? Bàbá rẹ ò dákẹ́ rí láyé, ojú oorun gan-an ni wọ́n ti ń jiyàn. Ó tún ní ẹnikẹ́ni kì í ṣe ọ̀daràn títí ilé ẹjọ́ á fi sọ pé ó jẹ̀bi. Ní abúlé yìí, ìyá ẹni ló ń kọ́kọ́ dájọ́, á nà ọ́ tán kó tó gbọ́ tẹnu rẹ, o sì rí i pé o yàn, o yanjú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí adájọ́ bi ọ́ ní kóòtù Yábà bóyá o jẹ̀bi, o dúró ṣánṣán, o ní rárá. O ò tilẹ̀ fi “ẹ jọ̀ọ́ sà” sí i. Bẹ́ẹ̀ Kíkẹ́ ní agbefọ́ba, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba, ti ní tí o bá ti gbà pé o jẹ̀bi, owó ìtanràn kékeré ni, wàá máa lọ sílé. Lọ́yà ní rárá, pé orúkọ ọ̀daràn á lẹ̀ mọ́ ọ lára, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Lọ́yà yẹn ò mọ̀wé tó. Ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú rẹ̀ ṣe. Inú ló ń bí àgbà, ọmọ á dọ̀bálẹ̀, inú àgbà á rọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Èmi ti bá ọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ná. Mo gba nọ́ńbà ọlọ́pàá tó mú ọ lọ́wọ́ Kíkẹ́, mo pè é, mo ní ọmọ mi ti ṣẹ̀ yín, ẹ dárí jì í, ọmọdé ló ń ṣe é. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀ kí òun gbà á sílẹ̀ sínú fóònù, mo sì tún un sọ. Èèyàn dáadáa ni. Nítorí náà, tí o bá padà dé kóòtù, dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí o ní o jẹ̀bi.

Mò ń bọ̀, bàbá ìjọ wa ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn.

Ṣùbòmí, mo tún ti mú kálámù. Àjíǹde ti kọjá. Ohun tí mo kọ sókè yẹn, má kà á.

Ìwọ náà mọ Theophilus, bàbá ìjọ wa. Òun àti àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, wọ́n fajú ro. Ó ní ewúrẹ́ kan ti jẹ gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n kó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì de Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, pé ewúrẹ́ mi sì ni. Ewúrẹ́ mi wà ní yàrá ẹ̀yìn tó ń fún ọmọ lọ́mú, a tilẹ̀ ń gbọ́ igbe rẹ̀ bí bàbá ìjọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ló ń bínú, mo bá ṣe bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, ẹ fọwọ́ wọ́nú, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Èrò mi ni pé tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, màá mú un wọlé lọ wo ewúrẹ́. Ara rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́, ó sì kọrí sílé.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ ìsinmi tó dìde níwájú ìjọ, tó ní Ìyá Ṣùbòmí ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, pé wọ́n á fi ewúrẹ́ náà ṣe àlejò àwọn tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo fò dìde, mo ní inú ilé ni mo so ẹran mi mọ́! Ó bi mí pé tí kì í bá ṣe ewúrẹ́ mi, kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ sí? Gbogbo ìjọ ní hẹ̀n-ẹ́n. Bàbá rẹ náà ní hẹ̀n-ẹ́n.

Wọ́n jẹ ẹ́, Ṣùbòmí. Bàbá rẹ jẹ níbẹ̀, wọ́n ní ó yi. Mo sunkún bí ọmọdé. Ìgò ọmọ ni mo fi ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní wàrà báyìí, akọ yẹn sì ń gé mi jẹ.

Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde ni gbogbo abúlé bá ewúrẹ́ Theophilus fúnra rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fa imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà náà lọ́ṣọ̀ọ́ ya, ó ń jẹ. Ojú ti Theophilus, ó wá sílé mi, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ní kí n má bínú. Mo bi í pé ṣé ó jẹ̀bi ni, àbí ó kàn ń bẹ̀bẹ̀. Ó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ fún àwọn ọmọ ewúrẹ́ lóúnjẹ.

Ìdí ìgò wàrà yẹn ni mo wà tí mo rántí ohun tí mo sọ sínú fóònù ọlọ́pàá, ẹ̀rù bà mí. Mo yọ fóònù nínú gààrí, mo pe Hadassah. Ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ó ní ohùn mi ni agbefọ́ba ń gbé kiri, pé ìyá ọmọ ti jẹ́wọ́, kí ọmọ náà yáa gbà. Ó ní èèyàn kì í bá ẹlòmíì jẹ́wọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti rí, ṣùgbọ́n kí n wá, bóyá wọ́n á fẹ́ gbọ́ tẹnu mi. Màá wá. Màá sọ fún adájọ́ pé mi ò sí ní Sùúrùlérè, ẹ̀gúsí ni mò ń bó nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ní o da àlàáfíà rú, pé mo bẹ ọlọ́pàá yẹn nítorí ó ń bínú ni, ká ní ó sọ pé ìwọ lo pa Gòláyátì, mi ò bá bẹ̀ ẹ́ bákan náà.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi ni kí o fi ránṣẹ́ sí o, kì í ṣe bàbá rẹ, kí o fi owó wàrà àwọn ọmọ ewúrẹ́ lé e. Kí o sì bá mi bi Hadassah bóyá wọ́n lè gba béèlì ẹran tí wọ́n ti jẹ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o tọrọ àforíjì ohun tí o ò ṣe. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, orúkọ búburú ò ní lẹ̀ mọ́ ọ. Tí wọ́n bá tún bi ọ́, dúró ṣánṣán bí o ṣe dúró níjọ́sí, kí o sọ pé o ò jẹ̀bi. O lè fi “sà” sí i, ṣùgbọ́n má fi “ẹ jọ̀ọ́” sí i.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò jẹ̀bi,
Christianah Dàda.