Wọ́n Gba Ihò Kọ́kọ́rọ́ Wọ Inú Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú wa rí òní kò ní fi ojú rẹ rí ohun tí ojú tèmi rí lọ́sẹ̀ yìí. Ilé wà, ṣọ́ọ̀bù wà, ìyá rẹ náà wà, àmọ́ kì í ṣe àwọn dókítà ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

O rántí ẹ̀jẹ̀ tí ìyá rẹ máa ń rí tó bá yàgbẹ́, tí a rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n ti okùn kan tó lójú bọ̀ ọ́ láti ìdí, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, pé ó jókòó sínú ìfun ńlá, àmọ́ kò tíì rìn jìnnà. Wọ́n fẹ́ gé ibi tó jókòó sí kúrò, kí wọ́n sì so ojú ìfun méjèèjì pọ̀, kó tó ríbi lọ. Mo ní ó dáa, ẹ là á. Ni dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀hún, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé mo lè bí i lẹ́yìn rẹ, bá ní àwọn kò ní la ikùn gbàràgàdà, pé ihò kọ́kọ́rọ́ làwọn máa gbà.

Èmi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, èmi tí mo ti ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ìyá tiẹ̀ kò tíì lóyún rẹ̀. Kò sí àgádágodo tí mi ò tíì yọjú wo inú ihò rẹ̀, mi ò sì rí ẹni tó tún àpótí ṣe láti ibẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé, olè ni. Bí kì í bá ṣe olè, eèrà ni. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo nọ́ọ̀sì. Ó ní bàbá, àwọn kàn ń pè é bẹ́ẹ̀ ni, pé ihò kéékèèké ni, kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé, ọ̀bẹ á gba òmíràn, àti pé ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún bẹ́ẹ̀ máa ń tètè dìde. Mo ní ẹni tó bá ń ya fọ́tò kò lè máa ṣiṣẹ́, kó mú ọ̀kan.

Mo ní wọn ò ní ṣe é. Ìyá rẹ wá ní èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́, òun ló ni ikùn.

Nígbà tí wọ́n tì í wọlé, ọmọ mi, mi ò ní parọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí n yọjú wò ó láti ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, àṣé ilẹ̀kùn ọ̀hún kò ní ihò, kò ní àgádágodo, èjìká lásán ni wọ́n fi ń tì í. Ilé adìyẹ wa ní kọ́kọ́rọ́. Ibi tí wọ́n kun ìyàwó mi lóorun sí kò ní. Mo fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo ṣọ́ ọ títí wọ́n fi gbé e jáde.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ní kó máa rìn, bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀. Ojú ọgbẹ́ tí wọ́n fi hàn mí kéré débi pé, bí mo bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún oníbàárà, yóò bi mí ìgbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Wọ́n gbé ibi tí wọ́n gé kúrò lọ yẹ̀ wò. Lánàá, dókítà wá pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó ní àwọn wo etí ibẹ̀, àwọn wo gbogbo kókó kéékèèké tí Ọlọ́run dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá jẹjẹrẹ ti rìn débẹ̀, àwọn ò rí nǹkan kan. Ṣé o gbọ́? Wọ́n gé ìyàwó mi, wọn ò rí nǹkan kan. Ta ló ń rí nǹkan láti ihò kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀? Mo ní kí wọ́n padà lọ wá a dáadáa. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú, nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri, dókítà alára ń nu ojú. Bóyá ìtìjú ni.

Nítorí náà, wá bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, ìwọ lo kàwé. Kí o sì fi owó díẹ̀ ṣáájú ara rẹ. Kì í ṣe ti oúnjẹ o. Irin ni mo fẹ́ rà, kí n ṣe àgádágodo sí ilẹ̀kùn yẹn, torí mi ò lè máa bá gbogbo ayé ṣọ́ ìyàwó wọn.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n fi àdúrà kan kún un, mi ò mọ ohun tó rí tó fi ń gbà á: ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ inú rẹ wò, kí wọ́n wá a títí, kí wọ́n má rí nǹkan kan. Mo ti kọ ọ́ bó ṣe wí. Ó tún ti ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni, bàbá rẹ.