Ẹni Tí Yóò Ṣe Àmín

Bàbá mi, olóhùn tó kún ilé,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Aago méje ti kọjá díẹ̀, Màmá sì ti da aṣọ bo maṣíìnì ìránṣọ wọn. Ká ní ìgbà tiyín ni, ẹ ò bá ti bọ́ bàtà iléeṣẹ́ yín sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò bá ti tò ó kí imú rẹ̀ kọjú síta, ẹ ò bá sì ti máa pè wá pé àdúrà yá. Mi ò mọ ìdí tí ẹ fi máa ń kọ imú bàtà síta. Mi ò bi yín rí. Ó wà lára ohun tí mo rò pé àyè ṣì máa wà láti béèrè.

Ọdún kẹrin rèé. Màmá ṣì ń rán aṣọ iléèwé níwájú ilé wa ní Onígbòǹgbò. Èmi ṣì wà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà. Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wọn báyìí. Mo kó padà sílé nígbà tí ẹ lọ, kí Màmá má baà dá gbé. Iléeṣẹ́ ìhunṣọ tí ẹ lo agbára yín fún l'Ágége ti di ibi ìkẹ́rùsí. Tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ó máa ń ṣe mí bákan pé ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ibẹ̀ kan náà ló gba etí ọ̀tún lọ́wọ́ yín.

A ti fi àdúrà yín rẹ́rìn-ín tó, Bàbá. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró ti ẹ̀rọ tó ń ké kì í mọ̀ pé òun ń pariwo. Gbogbo ilé ló máa ń mọ ohun tí a ń bẹ Ọlọ́run fún. Ìgbà tí mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ síléèwé gíga tàbí kí n gba iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí, ìyá Ràṣídà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí yàrá wọn fara ti tiwa, dá mi dúró nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ṣé Ọlọ́run ti dáhùn? Torí èmi náà ò rí oorun sùn o. Bàbá ẹ ti ti ọ̀rọ̀ ẹ gba inú ògiri wá bá mi."

Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí àdúrà yín tí wọn kì í gbè. Ẹ ó ké Àmín níbí, wọ́n á dá a padà láti ẹ̀yìn ògiri. Èmi àti Màmá a máa fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí ẹ má baà gbọ́ ẹ̀rín wa. Bóyá ẹ tiẹ̀ ń gbọ́.

Tí ọ̀rọ̀ bá wà tó ṣòro láti yàn, ẹ ó sọ ọ́ fún Ọlọ́run tààrà, bí ìgbà tí èèyàn ń ròyìn iṣẹ́ fún ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ẹ ó wá yí etí òsì, èyí tó ṣì ń gbọ́, sójú fèrèsé. A ó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún á fi máa ro wá. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dìde àfi tí ẹ bá ṣe Àmín. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan pé kí lẹ máa ń gbọ́. Ẹ ní ẹ kì í gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kàn ń dúró kí ọkàn yín jáwọ́ nínú ìjà ni. Tó bá ti jáwọ́, ẹ ó ṣe Àmín. Inú bí mi nígbà yẹn. Mo ti rò pé ohùn kan wà tí ẹ fi pa mọ́ fún wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú yín, èmi àti Màmá kúnlẹ̀, a dákẹ́, a sì ń retí. Kò sẹ́ni tó ṣe Àmín. Nígbà tó yá, Màmá fọwọ́ ti àga, wọ́n dìde. Èmi náà dìde. A ò jọ sọ ọ́, a ò jọ pinnu rẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà. Àdúrà ilé wa kì í parí mọ́, Bàbá. Ó kàn máa ń dá dúró ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nìyí: ẹnì kan fẹ́ fẹ́ Màmá.

Bàbá Títí ni wọ́n ń jẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Agége, onígbàgbọ́ bíi tiwa. Àwọn ló ń bá Màmá tún maṣíìnì ṣe. Ìyàwó wọn ti kú tipẹ́. Ó yẹ kí n ti fura, torí ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀mẹta wá tún maṣíìnì tí kò bàjẹ́ ṣe. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá sọ ọ́. Abọ́ tí wọ́n ń kó ni wọ́n ń wò, wọn ò wò mí.

"Bàbá Títí ní káwa méjèèjì jọ máa gbé. Mo ní mi ò ní dá wọn lóhùn àfi tí o bá gbàdúrà sí i. Tí ọkàn ẹ ò bá gbà á, ó tán nìyẹn. Mi ò ní bínú."

Mo ní màá gbàdúrà.

Bàbá, ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, Màmá á fi ohùn jẹ́jẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Ọlọ́run, a ó sì dákẹ́. Màá di ojú. Mi ò gbàdúrà rárá. Màá máa ro àwọn àpò tó kù ní sítọ́ọ̀, màá máa ro bàtà yín tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì ní sùúrù, Màmá. Ọlọ́run ò tíì dáhùn." Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé Ó lè ní kí n gbà.

Lọ́jọ́ kan Màmá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Etí kan ṣoṣo ni bàbá ẹ fi ń gbọ́, kì í sì í pẹ́ tó báyìí. Ìwọ tó o ní méjì ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún.

Àbúrò yín obìnrin náà gbọ́. Wọ́n wá láti Maryland níbí l'Ékòó, wọn ò tiẹ̀ jókòó. "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Atúnmaṣíìnì-ṣe lẹ fẹ́ fi dípò ẹ̀gbọ́n mi?" Màmá tẹrí ba sórí maṣíìnì wọn. Wọ́n ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú náà ń yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Ẹ̀yin ì bá ti sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Títí wá pààrọ̀ bẹ́líìtì maṣíìnì, òjò sì dè wọ́n mọ́lé. Àkókò àdúrà tó. Màmá gbé àga fún wọn, wọ́n kọ̀, wọ́n ní àwọn á kúnlẹ̀. Orúnkún wọn dún.

"Ẹ má dá a lóhùn," wọ́n ní. "Maṣíìnì tí wọn ò fi òróró sí ni."

Màmá gbàdúrà. Níkẹyìn wọ́n ní, "Olúwa, ọ̀rọ̀ tí à ń gbé wá láti oṣù mẹ́ta, a tún ti gbé e dé o." Ìdákẹ́jẹ́ wá bẹ̀rẹ̀.

Mo la ojú sílẹ̀, mò ń ṣọ́ Bàbá Títí. Àwọn ni àgbà ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé irú wọn ló máa ń pa àdúrà dé. Mo sọ nínú mi pé tí wọ́n bá ti lè ṣe Àmín báyìí, mo ti rí ìdí tí màá fi kọ̀ wọ́n. Mo dúró. Wọn ò ṣe é. Wọ́n di ẹsẹ̀ àga mú. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Bàtà yín wà níbi tó ti ń wà. Tiwọn wà níta nínú òjò, omi ti kún inú rẹ̀. Wọn ò fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín.

Màmá fọwọ́ ti àga láti dìde, bí a ti máa ń ṣe.

"Ìyá, kò tíì parí," Bàbá Títí sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò tíì sẹ́ni tó ṣe Àmín."

"Ẹ ṣe é fún wa," ni Màmá wí.

"Kì í ṣe tèmi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ onílé ṣe é."

Màmá tún kúnlẹ̀. Mo tún ojú mi dì, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta tí mo béèrè lóòótọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá. Òjò nìkan ni mo gbọ́, títí ó fi dá. Mi ò mọ iye àkókò tí a lò. Nǹkan kan tó ti ń jà nínú mi láti ọjọ́ ìsìnkú yín kàn rọlẹ̀, ó jókòó. Mo ṣe Àmín. Ohùn mi jáde ju bí mo ti rò lọ. Bíi tiyín ló ṣe jáde.

Láti ẹ̀yìn ògiri, ìyá Ràṣídà ké padà: "Àmín o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!"

Màmá bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Bàbá Títí kò lè dìde, àwa méjèèjì la fà wọ́n lápá sókè pẹ̀lú omijé lójú wa. Màmá kò bi mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo ní, "Màmá, ẹ dá wọn lóhùn."

Agége ni Màmá ń kó lọ lóṣù tó ń bọ̀. Èmi nìkan ni yóò kù nílé yìí. Màá máa kúnlẹ̀ ní aago méje, màá sì máa ké e sókè kí wọ́n lè gbọ́ ní ẹ̀yìn ògiri. Ṣé ó dùn yín, Bàbá? Ṣé ẹ ò bínú sí wa? Mo yí etí mi méjèèjì sójú fèrèsé nírọ̀lẹ́ yìí. Mi ò gbọ́.

Mo gbé bàtà Bàbá Títí wọlé lọ́jọ́ náà, mo da omi inú rẹ̀ nù. Mo dúró tì í pẹ́ kí n tó mọ ibi tí màá gbé e sí. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, mo sì kọ imú rẹ̀ sínú ilé. Tiyín ṣì kọjú síta. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ní etí méjì, tó ń fi méjèèjì wá ohùn yín.