Òjé Ẹ̀yìnkùlé Wa

Àlàmísì, 1 Oṣù Karùn-ún 2025

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Bùsírátù dé. Òjé wà nínú rẹ̀. Dókítà ní kò tíì pọ̀ jù, àmọ́ kò gbọdọ̀ lé sí i títí yóò fi bímọ, torí ohun tó bá wọ ara ìyá, ọmọ inú rẹ̀ ń pín níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni àbúrò mi fi wá oyún yìí. Ó ti pé oṣù márùn-ún.

Mo mọ ibi tí òjé náà ti wá. Ẹ̀yìnkùlé wa níbí, ní Adigbe. Ọdún mẹ́fà ni Bàbá fi yá àwọn kan nílẹ̀ náà – wọ́n ń fọ́ bátìrì ọkọ̀, wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀. Wọ́n lọ tán, òjé kò bá wọn lọ. Àlejò ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Láti ìgbà tí Bùsírátù ti padà sílé láti wá bímọ, eruku Àlejò ló ń fà símú.

Sátidé, 3

Ilẹ̀ kò ṣeé kó dànù. Ta ni yóò gbà á? Ká de Àlejò mọ́lẹ̀ ló kù. Lọ́dún tó kọjá mo gbin fẹ́tífà sí i, koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ ju ìdúró ènìyàn lọ. Lónìí, àpò egungun màlúù méjì láti Láfẹ́nwá – mo sun ún, mo gún un, mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, mo wọ́n ọn sídìí koríko. Egungun a máa di òjé mú kí omi má lè yọ́ ọ. Ọwọ́ mi ń rùn títí di ìsinsìnyí.

Alága ń wò mí láti ojú fèrèsé. Alága ni bàbá mi, Àlàájì Sàlàhúdíìnì, ẹni tó ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ogójì ọdún. Ó ní ọmọ tí òun rán lọ sí yunifásítì ló wá ń fún koríko lóúnjẹ.

Mo gé ewé díẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Àtìní, 12

Èsì ewé jáde ní láàbù yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Alábàtà. Ó mọ́! Gbòǹgbò ló gbá Àlejò mú, kò jẹ́ kó gòkè. Mo fò sókè bí ọmọdé.

Mo sáré wálé wá sọ fún Alága: májèlé wà nísàlẹ̀, ewé mọ́ tónítóní. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "O káre, ọmọ mi." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rẹ̀.

Àlàrúbà, 14

Mo padà sí Alábàtà. Òjò ti dé, oko àyẹ̀wò ń dúró dè wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Àlàádì, 25

Alága pè mí. Ó ti ra àgbò Iléyá láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún – funfun báláú, ìwo rẹ̀ ká. Ó ní ó ń sanra lójoojúmọ́, oúnjẹ rẹ̀ kò sì ná òun ní kọ́bọ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín Bùsírátù lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ti ń ta ẹsẹ̀.

Àlàrúbà, 4 Oṣù Kẹfà

Mo délé. Wọ́n ti gé koríko mi! Apá ọ̀tún ti kúrú débi pé ilẹ̀ pupa hàn síta. Inú bí mi, mo pariwo lé Ọládọ̀tun lórí, aládùúgbò wa tí àdá kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó búra pé òun kò débẹ̀. N kò gbà á gbọ́.

Àgbò wà níwájú ilé. Wọ́n ti ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ de ọdún.

Jímọ̀, 6 – Iléyá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

A dé láti Yídì. Nílé wa, ẹ̀dọ̀ àgbò la kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹnikẹ́ni kì í fi nǹkan kan ẹnu ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún yìí Alága kò pín in. Bùsírátù ló gbé gbogbo rẹ̀ fún. Ó ní ẹ̀dọ̀ a máa fún aboyún lẹ́jẹ̀. Bùsírátù jẹ ẹ́, ó lá ìka rẹ̀, ó ku bíńtín.

Mùs'áb alápatà ń fọ ìfun nídìí kànga. Ó pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹran yìí mà jẹ iyẹ̀pẹ̀ o!" Mo lọ wò ó. Iyẹ̀pẹ̀ pupa nísàlẹ̀ àpòlúkù. Egungun gígún funfun wà nínú rẹ̀ – egungun tí mo fi ọwọ́ ara mi gún.

Mo bi Alága níbi tó so àgbò mọ́. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Inú koríko rẹ ni. Ṣebí o ní ewé rẹ̀ mọ́?"

Ewé mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ àgbò kì í fi ọ̀bẹ gé ewé. Ṣe ló ń fà á tu, tó ń gbé ilẹ̀ mì mọ́ ọn. Mo mọ èyí, kò sì sí lọ́kàn mi rárá lọ́jọ́ tí mo ń yọ̀.

Mo kó ẹ̀dọ̀ tó kù lórí abọ́ sínú ọ̀rá fún àyẹ̀wò. Mo pa irọ́ fún Bùsírátù pé ẹran ọ̀rá kò dáa fún aboyún, kó má tún jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n gbé ìpín ẹran Ọládọ̀tun lọ fún un, ọkùnrin tí mo bú láìṣẹ̀. Mo ń wò ó. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí n kọ́kọ́ mọ̀ dájú kí n tó sọ fún wọn – ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Sátidé, 7

Mo gbé ẹ̀dọ̀ náà padà sí Alábàtà, mo fi sí láàbù.

Àlàmísì, 12

Bùsírátù pè, ó ní ọmọ ń ta dáadáa. Mo ní Alhamdulillah.

Jímọ̀, 20

Èsì ẹ̀dọ̀ dé. Ìlọ́po mẹ́sàn-án iye tí wọ́n gbà láyè. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo gun ọ̀kadà wá sí Adigbe, mò ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu lójú ọ̀nà. Mo bá Alága lẹ́yìnkùlé, Bùsírátù jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbò tuntun wà nínú koríko, lórí èèkàn. Àgbò kì í wọ́n lẹ́yìn Iléyá, oníṣòwò sì ni Alága: ó ti ra ti ìsọmọlórúkọ sílẹ̀. Ó ní, "Fàòsíyà, wò ó! Koríko rẹ náà ni yóò jẹ títí ọmọ á fi dé."

Mo fa èèkàn tu. Àgbò sá lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró – iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀dọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi pa ẹnu mọ́. Alága jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ yẹn gan-an, n kò sì lè ní kó dìde.

Bùsírátù kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó wò mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó mọ́."