Koríko Inú Omi Tí Mo Gbìn

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1936

Mo jẹ́wọ́ lónìí fún Ìyá Afí, tí mo máa ń wẹ egbò fún nílé ìwòsàn wa.

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé èmi ni mo gbin koríko sí abẹ́ omi adágún ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, kí ẹja lè rí ibi sá sí, kí wọ́n sì máa jẹ ìdin ẹ̀fọn. Inú ìgò ńlá kan lójú fèrèsé mi ni mo ti kọ́kọ́ tọ́ ọ. Omi náà mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n koríko yìí kò dúró síbi tí mo gbìn ín sí.

Lánàá ó lọ́ mọ́ ìyá náà lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń pọn omi. Díẹ̀ ló kù kó kú sómi.

Mo bá a lónìí tó ń so adìẹ kan lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ti ṣẹ omi ló ṣe di òun lẹ́sẹ̀ mú, òun fẹ́ lọ fi adìẹ náà tù ú.

"Ìyá, ẹ ò ṣẹ omi. Èmi ni mo gbin koríko yẹn."

Ó jọ̀wọ́ adìẹ náà. "Ìwọ tó ń wẹ egbò fún mi?"

Kò bú mi. Ó ní kí n wá lọ́la ká jọ fà á tu. Mo ní kó jókòó, èmi nìkan ni n óò wọ omi.

Ó ní rárá, òun náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, torí ẹ̀rù omi yẹn ti ń ba òun, kò sì sí omi mìíràn nítòsí tí òun lè máa pọn.